Orúkọ Ìjọ Yín Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Ń Gbà Á àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ ni ó ti ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni àwọn ará ti ń ka ìkéde, ibẹ̀ ni àwọn tí ó wà lókè òkun ti ń gbọ́ ìwàásù, orúkọ ìkànnì náà ni ó sì sábà máa ń gbẹ̀yìn àdírẹ́sì í-meèlì tí ọ́fíìsì ìjọ fi ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ìgbìmọ̀ ìjọ léèrè pé, “Ta ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ni orúkọ yìí? Ọjọ́ wo ni owó rẹ̀ yóò tún pé?” ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn yíjú sí arákùnrin kan ṣoṣo tí ó mọ kọ̀ǹpútà. Bí arákùnrin náà bá ti wá kó lọ sí Kánádà ńkọ́?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí orúkọ dòméènì jẹ́, bí a ṣe ń forúkọ náà sílẹ̀, àti bí a ṣe ń bójú tó DNS, ìyẹn ètò tí ó ń júwe ọ̀nà láti ara orúkọ náà lọ síbi tí ìkànnì àti í-meèlì wà ní ti gidi. Ọ̀ràn ẹni tí ó ni orúkọ náà ni a ó pẹ́ lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni ìpàdánù tí kò ṣeé tún ṣe ti máa ń wá.

Ìwé Orúkọ Tí A Pín Káàkiri

Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní nọ́ńbà, irú bíi 192.0.2.10. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń mọ ara wọn, ṣùgbọ́n kì í dúró lórí ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà náà kò tíì pọ̀, inú fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà wọn sí, Stanford Research Institute ní ìpínlẹ̀ California ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tuntun kún un yóò fi tó wọn létí, àwọn yòókù yóò sì wá da fáìlì náà kọ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1983, ẹrù náà ti wúwo ju ohun tí fáìlì kan lè gbé lọ. Ọdún yẹn ni Paul Mockapetris gbé ètò DNS kalẹ̀. Ó pín ìwé orúkọ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, kí olúkúlùkù sì máa tọ́jú apá tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1985 ni àwọn ìparí tí a mọ̀ dáadáa, bíi .com àti .org, bẹ̀rẹ̀.

Láti ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń ka orúkọ dòméènì, bí ẹni tí ó ń ka àdírẹ́sì ara àpò ìwé láti ìsàlẹ̀ wá sókè: orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà ìlú, lẹ́yìn náà ilé. Ẹ jẹ́ kí a mú www.example.org, orúkọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ nìkan. Nígbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀, kọ̀ǹpútà kan tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yàn fún iṣẹ́ náà yóò wá a kiri fún un. Ṣe ni ó máa ń dà bí àlejò tí ó ń béèrè ilé. Yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní ojúbodè ìlú. Orúkọ 13 ni àwọn wọ̀nyí ní, láti A títí dé M, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ni ó ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyẹn. Àwọn ara ojúbodè kò mọ ilé náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ baálẹ̀ àdúgbò .org. Baálẹ̀ náà kò mọ yàrá tí a ń wá, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó ń dáhùn fún agboolé example.org. Ẹni yẹn ni yóò wá sọ nọ́ńbà náà gan-an. Nameserver ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà tí ó ń dáhùn fún agboolé yìí, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ náà léraléra bí ẹ bá ń ṣètò orúkọ yín.

Bí ẹni tí ń dáhùn kò bá sí nílé, kò sí bí àlejò yóò ṣe débẹ̀, bí ilé náà tilẹ̀ wà lórí ìdúró. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní gbàgbé October 4, 2021, nígbà tí Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Àṣìṣe kan tí ó wáyé nígbà àtúnṣe ni ó gé ọ̀nà tí ó lọ sí ilé iṣẹ́ náà, débi pé àwọn nameserver wọn kò ṣeé kàn sí mọ́. Kò sí orúkọ wọn kankan tí ó ní ìdáhùn.

Àjọ, Alágbàtà àti Ìparí .ng

Àjọ ICANN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, ni ó ń ṣe kòkárí gbogbo ètò orúkọ yìí. Ní abẹ́ rẹ̀, ìparí kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́jú tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2003, Public Interest Registry ni ó ń tọ́jú .org. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ni a máa ń lọ bí a bá fẹ́ gba orúkọ. Àwọn alágbàtà wà tí a fún láṣẹ láti tà á fún gbogbo ènìyàn, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ó ti san owó, tí ẹ ó sì ti gba ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ní ọdún 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìparí .ng lé Nàìjíríà lọ́wọ́, nípasẹ̀ Yaba College of Technology ní ìlú Èkó. Ó di ọwọ́ NITDA, àjọ ìjọba, ní ọdún 2004, nígbà tí ó sì di 2009, wọ́n gbé e fún ẹgbẹ́ NiRA, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní ọdún 2005. NiRA pẹ̀lú ní àwọn alágbàtà tirẹ̀. Ẹ lè gba orúkọ tí ó parí sí .ng lásán, ẹ sì lè gba .org.ng, tí a pèsè fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè. Ìparí .gov.ng kò sí fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ìjọba. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ bá dá sílẹ̀ lè béèrè fún .sch.ng.

Ewo ni ó dára jù, .org tàbí .org.ng? Lójú tiwa, bí àwọn ará ìjọ bá pọ̀ ní Nàìjíríà, .org.ng tọ́, nítorí ó sọ ibi tí ẹ wà, ó sì ṣeé ṣe kí orúkọ tí ẹ fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí agbára bá ká a, kí ẹ gba méjèèjì, kí ọ̀kan sì máa darí ènìyàn sí èkejì.

Nípa yíyan orúkọ náà, ìṣòro kan wà tí àwa tí ń sọ Yorùbá ní, tí àwọn ẹlòmíràn kò ní. Lẹ́tà a títí dé z, nọ́ńbà àti àmì ìdàpọ̀ nìkan ni DNS mọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀nà wà láti fi lẹ́tà tí ó ní àmì kọ orúkọ, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n ń yí i padà sí ọ̀rọ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, kì í sì í ṣe gbogbo ìparí ni ó gbà á. Nítorí náà, láìsí àmì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń kọ orúkọ wọn. Ẹ wá rò ó wò: “ijo” láìsí àmì lè jẹ́ ìjọ, ó sì lè jẹ́ ijó. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé bí a bá yọ àmì wọn, wọn yóò di ohun tí kò ṣeé kà lórí pèpéle. Ẹ kọ orúkọ náà sórí ìwé láìsí àmì, kí ẹ fún àwọn mẹ́ta tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ kí wọ́n kà á sókè, kí ẹ tó san owó.

Ẹ fiyè sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ṣì í kọ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan tí ó lòdì sí ẹ̀kọ́ Jerry Falwell, oníwàásù tí gbogbo ènìyàn mọ̀, gba fallwell.com ní ọdún 1999, pẹ̀lú l méjì, ó sì fi ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ẹni tí ó gba orúkọ náà láre. Iye tí a fi ń gba orúkọ kejì ní ọdún kan kéré púpọ̀ sí owó agbẹjọ́rò.

Ta Ni Ó Ni Í?

A kì í ra orúkọ dòméènì rá pátápátá. Ṣe ni a ń gbà á fún ìgbà kan, láti ọdún kan títí dé ọdún 10 fún .com àti .org, ẹni tí wọ́n sì kọ sínú àkọsílẹ̀ pé ó gbà á ni ó ní àṣẹ lórí rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Kì í ṣe ẹni tí ó dá owó rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí orúkọ náà ń jẹ́. Bí arákùnrin kan bá fi orúkọ ara rẹ̀, í-meèlì ara rẹ̀ àti káàdì báǹkì rẹ̀ gba orúkọ ìjọ, arákùnrin náà ni ó ni í lójú alágbàtà, bí ìjọ tilẹ̀ ti san gbogbo owó náà padà fún un láti inú àpò ìjọ.

Ó lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni ó sì mú wọn ṣe é, ní òru nígbà míì, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì yára díẹ̀. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ máa ń ṣí lọ sí ìlú mìíràn, káàdì báǹkì rẹ̀ máa ń kásẹ̀, ó sì lè kú, kí ọ̀rọ̀ aṣínà bá a lọ. Ìjọ a sì máa pín sí méjì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, apá tí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà bá tẹ̀ lé ni yóò mú orúkọ náà lọ, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà tí àwọn ènìyàn bá ń kọ sí àdírẹ́sì tí wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí a rò pé ó yẹ nìyí. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Nàìjíríà ni ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission lábẹ́ àwọn alámójútó tí òfin mọ̀. Orúkọ yẹn gan-an, bí ó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí, ni kí ẹ kọ sí àyè tí alágbàtà ti béèrè orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́. Arákùnrin tí ó mọ kọ̀ǹpútà lè jẹ́ ẹni tí a ó kàn sí nípa iṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ni í. Kí owó rẹ̀ jáde láti ọwọ́ akápò, kí ó sì wọnú ìwé ìṣirò bí owó iná mànàmáná ti ń wọ̀ ọ́. Kí akọ̀wé ìjọ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sórí ìwé, kí ó tì í mọ́ ibi tí àwọn ìwé ilẹ̀ wà. A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ yóò rẹ́rìn-ín sí àbá yìí, ṣùgbọ́n ìwé tí a tì mọ́ inú àpótí irin kì í gbàgbé.

Í-meèlì tí ẹ bá fún alágbàtà tún ṣe pàtàkì ju bí ó ti ń rí lọ. Ẹ má ṣe lo èyí tí ó parí sí orúkọ kan náà tí ẹ ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí orúkọ náà bá dákẹ́, í-meèlì náà yóò dákẹ́, ìkìlọ̀ tí ì bá gbà yín kò sì ní dé. Àpótí í-meèlì tí ó dá dúró lọ́tọ̀, tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè ṣí, ni ó dára. Lẹ́yìn tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, alágbàtà yóò fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ síbẹ̀ kí ẹ lè jẹ́rìí pé tiyín ni. Fún àwọn ìparí bíi .com àti .org, bí ẹ kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ 15, wọ́n lè dá orúkọ náà dúró.

Nígbà Tí Ọjọ́ Bá Pé

Ìgbàgbé kò mọ ẹni ńlá. Ní àkókò Kérésìmesì ọdún 1999, ilé iṣẹ́ Microsoft kò san owó passport.com, orúkọ tí àwọn tí ń lo Hotmail ń gbà kọjá kí wọ́n tó lè wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí lẹ́tà wọn kà. Michael Chaney, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ni ó fi káàdì ara rẹ̀ san dọ́là 35 náà, ọ̀nà sì ṣí. Kì í ṣe gbogbo ìjọ ni irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ máa ń wà ní tòsí rẹ̀.

Fún .com àti .org, òfin ICANN ní kí alágbàtà kìlọ̀ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, àti ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó sì tún kọ̀wé láàárín ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, àyè díẹ̀ wà tí ẹ ṣì lè san iye tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀. Bí alágbàtà bá ti fa orúkọ náà lé olùtọ́jú lọ́wọ́ kí ó pa á rẹ́, ẹ ní ọjọ́ 30 láti rà á padà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á ti di ìlọ́po-ìlọ́po. Ọjọ́ márùn-ún tí ó kù lẹ́yìn náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, orúkọ náà yóò sì bọ́ sí ọjà. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá èyí tí ènìyàn ti ń bẹ̀ wò fún ọdún pípẹ́. Wọ́n a gbé tẹ́tẹ́ sí i, tàbí àwòrán tí kò yẹ ọmọlúwàbí, ìlujá tí ẹ tẹ̀ sórí ìwé ìkéde yín ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn yóò sì máa darí àwọn ará lọ síbẹ̀. Ìparí .ng ní àkókò tirẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbàtà.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún ìwé owó láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ẹ kò bá dòwò pọ̀ rí, tí ó ní orúkọ yín fẹ́ kásẹ̀. Ẹ̀tàn ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí akápò bá mọ orúkọ alágbàtà yín, kò ní san án.

Inú Àkọsílẹ̀ DNS

Orúkọ dòméènì yàtọ̀ sí ilé tí ìkànnì wà, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí àpótí í-meèlì. Ilé iṣẹ́ kan náà lè ta gbogbo wọn fún yín, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé ọ̀kan ni wọ́n. Àkọsílẹ̀ DNS ni ó so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá wọlé sọ́dọ̀ alágbàtà, tàbí sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ni nameserver yín, ẹ ó rí ìlà mélòó kan. Ìlà A ní nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà nínú rẹ̀, AAAA sì wà fún àwọn nọ́ńbà gígùn ti ayé òde òní. CNAME ń sọ pé orúkọ kan jẹ́ ìnagijẹ fún òmíràn. MX ń sọ ibi tí í-meèlì ń wọ̀ sí, bí ó bá sì ju ọ̀kan lọ, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kàn. TXT jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ní iṣẹ́ ńlá, bí a ó ti rí i.

Ìgbà tí ìjọ bá ń kó ìkànnì lọ sí ilé mìíràn ni jàǹbá sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ tuntun yóò ní, “Ẹ yí nameserver yín sí tiwa.” Ẹ ó yí i, ìkànnì tuntun yóò yọ, inú gbogbo ènìyàn yóò dùn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé bí ẹ bá yí nameserver, gbogbo àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni ẹ fi sílẹ̀ sẹ́yìn, ìlà MX pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ tuntun náà a sì máa fi MX tirẹ̀ dípò rẹ̀. Lẹ́tà kò ní padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́. Inú àpótí kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà ni yóò máa wọ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnì kan tó sọ pé ọ́fíìsì ìjọ kò dá òun lóhùn lórí ètò ìgbéyàwó. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da gbogbo ìlà wọ̀nyẹn kọ, lẹ́tà fún lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ ìkànnì nìkan ni ó ń kó, ìlà A àti www nìkan ni ó yẹ kí ó yí. Ẹ fi nameserver sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ẹ má sì retí pé gbogbo ayé yóò rí àyípadà náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ń wá orúkọ kiri máa ń fi ìdáhùn pa mọ́ fún ìgbà kan, kí wọ́n má baà máa béèrè ohun kan náà ní gbogbo ìgbà. TTL ni nọ́ńbà tí ó ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó, ní ìṣẹ́jú àáyá: 3600 jẹ́ wákàtí kan, 86400 jẹ́ odidi ọjọ́ kan. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó, ẹ sọ ọ́ di 300 ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Ẹ má sì ṣe é ní alẹ́ Sátidé.

Nípa TXT, ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ fún í-meèlì. SPF ń kọ orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ní àṣẹ láti fi orúkọ yín kọ̀wé. DKIM dà bí òǹtẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. DMARC ń sọ ohun tí ẹni tí ó gba lẹ́tà yóò ṣe bí àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá bára mu. Láti February 2024, Google àti Yahoo ti ń béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́, ìwé ìròyìn ìjọ tí kò sì ní wọn lè máa wọ ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ìlà SPF kan ṣoṣo ni orúkọ kan gbọ́dọ̀ ní. Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ní kí ẹ tún kọ tirẹ̀, inú ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi kún un, nítorí bí ó bá di méjì, méjèèjì ti bàjẹ́. Láìsí ààbò wọ̀nyí, jìbìtì rọrùn: ẹnì kan lè fi àdírẹ́sì pásítọ̀ yín kọ̀wé sí àwọn ará pé kí wọ́n san ọrẹ sínú àkáǹtì mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí alágbàtà máa béèrè nọ́ńbà kejì láti orí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kí fóònù náà sì jẹ́ ti ọ́fíìsì.

Láti mọ ibi tí ọ̀ràn tiyín dé dúró, ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ tẹ orúkọ náà síbẹ̀; fún .ng, ẹ lọ sí ìkànnì NiRA. Ẹ ó rí orúkọ alágbàtà, ọjọ́ tí owó yóò pé, àti nameserver. Láti May 2018, wọ́n sábà máa ń bo orúkọ ẹni tí ó ni í mọ́lẹ̀ nítorí òfin àṣírí ti ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí náà inú àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà ni ẹ ó ti rí ìyẹn. Bí ẹ bá rí clientTransferProhibited, ẹ má bẹ̀rù. Ó túmọ̀ sí pé orúkọ náà wà ní títì, alágbàtà mìíràn kò sì lè gbé e lọ títí ẹ ó fi ṣí i.